Okùn Agogo Ìlú Kò-sílẹ̀kùn

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn rí ibi jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u báyìí, nítorí bí mo bá ti ṣí ẹnu ìtàn yìí, n kò ní í dúró de ikọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi Ọdẹ́jídé ọmọ Ọdẹ́wálé, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó yà fún lọ́nà, ọdẹ tí kò gun igi rí láyé rẹ̀ nítorí ẹranko, èmi ni mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí nínú kọ̀ǹpútà fún yín.

"Nínú kọ̀ǹpútà kẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ohùn yẹn? Làmídì fọkanáísà ni. Làmídì, ṣé mo máa ń bi ọ́ léèrè bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ inú táyà? Ó dáa. Jókòó.

Gbogbo yín lẹ mọ Ògúnfowórà, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń dẹ igbó láti ìgbà tí irùngbọ̀n wa kò tíì hù. Ẹ bá wa sin ín. Morádéùn aya rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ náà sì nìyẹn lórí tábìlì níwájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo purọ́. Ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn ló gbé e wá. Àwọn tó ṣe ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ṣí i wò, kó ṣí i wò. Ẹni tó bá rí ibi tó bàjẹ́, kó tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dà á kọ fún aládùúgbò rẹ̀, kó dà á kọ. Ohùn ara rẹ̀ ni Ògúnfowórà kó sínú rẹ̀ kó tó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó tì í, yóò máa sun ìjálá, ẹ̀rọ yóò sì máa gbà á sílẹ̀.

Nígbà tí ó lọ tán, Morádéùn a máa tan ẹ̀rọ náà kó lè gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Ohùn tó máa ń bú jáde bí ìbọn wá ń wọ́lẹ̀ bí ohùn ẹni tí ẹmu pa. Bí Ògúnfowórà bá fẹ́ pe "ẹkùn", kó tó pè é tán, Morádéùn á ti bu omi sí ìkòkò, á ti gbé e kaná, á sì ti padà wá jókòó. Kò sí ẹni tó ní sùúrù láti gbọ́ orin kan dópin. Bí obìnrin náà ṣe ránṣẹ́ pè mí nìyẹn.

"Bàbá Ọdẹ," ó ní, "ẹ ò gbọ́ bí ọ̀rẹ́ yín ṣe ń sọ̀rọ̀? Nígbà tó wà láyé, ẹnu ẹ̀ ò dákẹ́. Ó wá lọ tán, ó di akólòlò mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo ní, "Ìyàwó wa, fara balẹ̀. Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀ tó fi rẹ̀ ẹ́? Nǹkan kan ń jẹ ẹ̀rọ yìí nínú. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé kò sí igbó tẹ́ ẹ ò lè wọ̀. Ó dáa, ẹ wọ èyí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ti sọ? Mo wọ gbérí mi, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo so àpò ọdẹ mọ́ ìbàdí. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ má retí pé kí n sọ ọ́ níbí. Bí mo bá sọ ọ́, Làmídì á di kékeré bí èèrùn, ta ni yóò wá máa lẹ táyà wa? Bí mo ti sọ ọ́ tán, tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ga lọ sókè, bàtà mi di ilé ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Morádéùn fi ìka méjì gbé mi, ó gbé mi sí ẹnu ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ.

"Ẹ rọra o," ló wí. "Ẹ má sọ mí di ẹni tó ń sunkún èèyàn méjì."

Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá lọ́nà ni Alápá-ń-yípo. Ó dúró sáàárín ọ̀nà gbàgà. Apá rẹ̀ pọ̀, gbogbo wọn ń yí, wọ́n sì ń hó fìì bí òjò tó ń bọ̀. Mo ju fìlà mi síwájú láti wò bóyá ọ̀nà wà. Fìlà lọ ní odidi, ó padà wá ní àkísà.

Mo kígbe, "Ìwọ tí apá rẹ kò mọ ìsinmi, yà kí n kọjá!"

Ó ní, "Bàbá, ṣé mo lè yà ni? Ohun gbogbo tó bá gbóná nínú ìlú yìí, èmi ni mò ń fẹ́ ẹ. Bí mo bá dúró, wọ́n á jóná. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fẹ́ díẹ̀, mo sì máa ń sinmi díẹ̀. Nísinsìnyí, mi ò sinmi mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò pọ̀ sí i, ooru ló ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń lọ̀ tó gbóná tó báyìí."

Mo ṣèlérí fún un. Mo wá fò, mo sì di ọ̀kan nínú àwọn apá náà mú. Ó yí mi, ó yí mi, títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara mi ní orúkọ bàbá mi. Nígbà tó jù mí sọ́hùn-ún, inú Igbó Eruku ni mo já sí. Àwọn igi ibẹ̀, òwú àti irun ni. Bí èèyàn bá mí, igi á wọ ọ́ nímú. Mo rìn títí ó fi rẹ̀ mí, mo wá rí òkúta róbótó kan, mo sì fara tì í. Yéè! Eyín mi ń lu ara wọn kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Òkúta náà ń gbọ̀n!

"Ta lò ń gbọ̀n fún?" ni mo bi í.

Ó ní, "N kò gbọ̀n fún ẹnikẹ́ni. Bí ọba ìlú yìí bá jí, mò ń gbọ̀n. Bó bá sùn, mò ń gbọ̀n. Kò sí ẹni tó lè ní kí n yára, kò sí ẹni tó lè ní kí n rọra. Agbọ̀nmásinmi ni wọ́n ń pè mí. Bí ẹ bá ti sinmi tán, ẹ dìde lára mi."

Mo dìde kíá. Ṣùgbọ́n mo fi òkúta yẹn sọ́kàn, bí ọdẹ ṣe máa ń fi odò sọ́kàn nínú igbó tí kò mọ̀.

Kò pẹ́ tí mo fi dé ẹnu ibodè Ìlú Kò-sílẹ̀kùn. Ibodè wà, ẹnu ọ̀nà wà, ìlẹ̀kùn ni kò sí. Adènà kan jókòó síbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Àlejò tó bá gba ibí kọjá máa ń dáhùn àlọ́ kan. Kí ni mo lè fún yín tán, fún ará ilé yín, fún ará àdúgbò yín, tí tọwọ́ mi kò sì ní í dín?"

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti sùn nínú igbó pẹ̀lú ọdẹ méje! Mo ní, "Iná ni. Gbogbo ọdẹ tó bá kọjá ló máa ń wá tan ògùṣọ̀ lára iná mi, iná mi kì í sì í kú."

"Ẹ ti gbà á," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà ní ìlú wa rí. Ẹ wọlé. Ẹ wo ohun tó bá wù yín."

Ẹ̀yin èèyàn, ògiri ibẹ̀ mọ́ bí omi. Bí ẹ bá dúró ní títì, ẹ ó máa rí ìdí gbogbo iṣẹ́: ibi tí okùn gbà, ibi tí wọ́n ti lẹ nǹkan, ibi tí nǹkan ti fẹ́ já. Kò sí ẹni tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n òfin kan wà: ẹni tó bá sọ pé nǹkan bàjẹ́, òun ni yóò tún un ṣe. Òmíràn sì tún wà: bí ẹnikẹ́ni bá tún nǹkan ṣe, tàbí tó fẹ́ yí nǹkan padà, ẹni mẹ́ta gbọ́dọ̀ wò ó kí wọ́n sì sọ pé, "Ó dára lójú mi," kí ìlú tó gbà á.

Ní àárín ọjà, mo rí ọlọ ńlá kan. Ọlọ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ìlú ń lò. Ọba wọn, Ọba Kókó, ló jókòó tì í, ó ń pín in: "Ìwọ, bọ́ sí i! Ó tó! Ìwọ tó kàn, bọ́ sí i! Ó tó!" Kíákíá ló ń ṣe é, tó jẹ́ pé bí ẹ bá jìnnà, ẹ ó rò pé gbogbo wọn ló ń lọ nǹkan pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí ìlà la ẹnu sílẹ̀ gbayawu. "Ẹ" kan ṣoṣo ló ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí ọlọ yóò tún kàn án kó tó lè sọ "kùn". Mo mọ ohùn yẹn! Ohùn Ògúnfowórà ni wọ́n kó sí i lẹ́nu!

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo rí obìnrin kan tí wọ́n so mọ́ òpó. Obìnrin rere ni lójú, ọwọ́ rẹ̀ kún fún eruku àká. Èrò yí i ká.

"Kí ló ṣe?" ni mo bi wọ́n.

Ọkùnrin gíga kan bọ́ síwájú, ó wọ aṣọ funfun, ó sì ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ kò tó òun. Ó ní, "Apamọ́ ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń jẹ àsìkò ìlú yìí run. Èmi ni Ayẹṣẹ́wò. Ẹ wo agogo mi lókè yẹn. Bó bá ti dún, màá wo ẹni tó wà nídìí ọlọ, màá sì sọ òkúta kan sínú ìkòkò onítọ̀hún. Ẹni tí òkúta bá pọ̀ jù nínú ìkòkò rẹ̀, òun ló ń pẹ́ jù nídìí ọlọ. Ẹ wo ìkòkò Apamọ́."

Mo wò ó. Ó kún dẹ́nu, ó sì ń dà sílẹ̀. Òkúta díẹ̀ péré ló wà nínú ìkòkò tàwọn yòókù.

"A ó lé e kí oòrùn tó wọ̀," ni Ayẹṣẹ́wò wí.

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá àlejò, mi ò ṣe ju iṣẹ́ mi lọ. Ohun tí wọ́n bá sọ níta, èmi ni mò ń kó o sínú àká kí iná tó lọ. Bí wọ́n bá lé mi, tí iná bá ti lọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á dà nù. Ohùn ọdẹ kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, ó dùn gan-an. Ó máa ń sun ìjálá. Ta ni yóò bá mi tọ́jú ẹ̀?"

Mo ronú kan Morádéùn níwájú ẹ̀rọ rẹ̀. Bí wọ́n bá lé Apamọ́, Ògúnfowórà á tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ọba Kókó ní, "Ẹni méjì ti wo iṣẹ́ agogo yìí, wọ́n ti ní ó dára lójú wọn. Ẹnì kan ló kù. Níwọ̀n bí a ti ní àlejò pàtàkì, ẹ jẹ́ kí a fi ọlá yìí fún un. Bàbá Ọdẹ, ẹ bá wa sọ ọ́."

Gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ẹ mọ bó ṣe rí. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ gbà yín lálejò, wọ́n ti bu omi tútù fún yín, wọ́n wá ní kí ẹ yin iṣẹ́ ọwọ́ àwọn. Ta ni kò ní í yìn ín? Èmi ni! Èmi tí n kò kí ìbọn kúu iṣẹ́ rí bí n kò bá tíì yìn ín. Èmi tí ìyàwó mi ń bú nítorí pé n kì í sọ pé ọbẹ̀ dùn kí n tó tọ́ ọ wò.

Mo ní, "Kábíyèsí, n kò tíì wò ó."

Ariwo sọ! "Há! Ṣé bí wọ́n ṣe ń dáhùn lọ́dọ̀ yín nìyẹn?" "Àgbàlagbà bíi tiyín!" Ayẹṣẹ́wò fa ojú ro bí ẹni tó gbé ohun kíkan mì.

Mo bi ẹni kìíní tó jẹ́rìí pé, "Ìwọ, ṣé o wo agogo yẹn?"

Ó ní, "Ọjọ́ tí a ń kun ìlú lọ́dà tuntun ni. A ń jẹ àsè, ẹran wà lẹ́nu mi. Mo ní ó dára lójú mi kí n lè gbé e mì."

Mo bi ẹnìkejì. Ó ní, "Èmi rí i pé ẹni àkọ́kọ́ ti ní ó dára."

Mo kọjú sí Ayẹṣẹ́wò: "Ta ló ń fa okùn agogo rẹ?"

"Ẹni tó ń fà á tẹ́lẹ̀ ti darúgbó, ó ti lọ. Mo wá so okùn náà mọ́ ohun kan tó máa ń lọ sókè sódò dáadáa, kó lè máa fa ara rẹ̀. Ọgbọ́n orí mi ni!"

Mo tọ okùn náà bí mo ṣe ń tọ ipasẹ̀ ìgalà. Ó gba orí òrùlé, ó gba ẹ̀yìn ilé ọba, ó sì bọ́ sílẹ̀ sórí kí ni? Sórí ọmọrí àká Apamọ́! Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ọlọ bá ti kan Apamọ́, yóò ṣí ọmọrí àká rẹ̀. Bó bá ṣí ọmọrí, okùn á fà, agogo á dún, Ayẹṣẹ́wò á gbójú sókè. Ta ni yóò rí nídìí ọlọ? Apamọ́! Ẹlòmíràn lè wà nídìí ọlọ títí ilẹ̀ fi ṣú, agogo kò ní í dún fún un. Ó dà bí ọdẹ tó so agogo mọ́ ìrù ìgalà kan, tó wá ń sọ pé ìgalà yẹn nìkan ló wà nínú igbó.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Gbogbo wọn tọ okùn náà fúnra wọn, wọ́n sì rí i bẹ́ẹ̀.

Ọba Kókó ní, "Bàbá Ọdẹ, ẹ mọ òfin wa. Ẹ ti ní ó bàjẹ́."

"Èmi náà ni n ó tún un ṣe," ni mo wí. Mo tú okùn kúrò lára ọmọrí, mo fà á gba ibodè kọjá, mo sì fà á wọ Igbó Eruku, títí mo fi dé ọ̀dọ̀ Agbọ̀nmásinmi. Mo so ó mọ́ ọn lára. Òkúta tí kì í gbọ̀n fún ẹnikẹ́ni ni yóò máa fa agogo.

Mo retí pé kí wọ́n pa àtẹ́wọ́. Ọba ní kí wọ́n tú Apamọ́ sílẹ̀ kó wá yẹ iṣẹ́ mi wò. Obìnrin tí mo fẹ́ gbà lẹ́mìí là! Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ okùn, ó wò ó wò ó.

"Bàbá Ọdẹ, ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí okùn pàkúté lẹ ṣe so ó. Bí òkúta yìí bá ń gbọ̀n, okùn á máa fún mọ́ra títí á fi já."

"Èmi Ọdẹ́jídé? Okùn tèmi?"

"Okùn tiyín ni, bàbá mi."

Mo kùn, mo kùn, mo tún un so. Apamọ́ wò ó, ó fà á, ó ní, "Ó dára lójú mi." Adènà àti Ọba Kókó fà á, wọ́n ní ó dára lójú àwọn náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti yìn mí rí nítorí ẹfọ̀n, n kò tíì gbọ́ èyí tó dùn tó yẹn.

Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ní ìgbà yìí, òkúta ń bọ́ sínú ìkòkò yìí díẹ̀, sínú tọ̀hún díẹ̀. Ti Apamọ́ kò ju ìsàlẹ̀ ìkòkò lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé nígbà púpọ̀ tí agogo bá dún, Ayẹṣẹ́wò kì í sọ nǹkan kan síbì kankan. Mo wo ìdí ọlọ. Òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀! Ó ń dán òkúta! Òkúta kọ̀ọ̀kan, kó tó sọ ọ́ sínú ìkòkò, yóò gbé e sórí ọlọ, yóò lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa kọ mànà.

Mo ní, "Ayẹṣẹ́wò, ìkòkò tìrẹ dà?"

"Tèmi kẹ̀? Èmi ni mò ń wo iṣẹ́! Ṣé wọ́n ń wo ẹni tó ń wò ni?"

Mo tú àpò ọdẹ mi, mo gbé e síwájú rẹ̀. "Tìrẹ nìyí."

Agogo dún nígbà tó wà nídìí ọlọ. Ó mú òkúta kan láti sọ sínú àpò ara rẹ̀, ó sì gbé e sórí ọlọ kó lè dán an. Bó ṣe ń dán an, agogo dún. Ó mú òmíràn, ó gbé ìyẹn náà sórí ọlọ. Agogo dún! Ó ń làágùn, ó ń dán òkúta tó ń sọ fún ayé pé òun ń dán òkúta. Àpò mi kún, ó ya. Ọmọdé ìlú náà dùbúlẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀ fún ẹ̀rín. Ọba Kókó gbá adé mọ́rí kó má bọ́.

"Ẹ lé e!" ni èrò ń kígbe. "Òun ló ń jẹ wá run!"

Apamọ́ ni ó na ọwọ́ sókè. "Ẹ má lé e. Bí kò bá sí i, ta ni yóò sọ fún wa bí a bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra? Kó máa sọ òkúta rẹ̀ bó ṣe bá a nílẹ̀ ni. Òkúta kò lọ síbi ìnáwó."

Ayẹṣẹ́wò wo ilẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n rẹwà, àbí wọn ò rẹwà?"

"Wọ́n rẹwà," ni Apamọ́ wí. "Ó tó bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà yẹn, òkúta gbágungbàgun ló ń sọ. Ìlà tó wà nídìí ọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ẹni tó ti la ẹnu sílẹ̀ láti ìgbà tí mo dé bú jáde pé "KÙN!", ó sì bá orin rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo bá Alápá-ń-yípo tó ká apá rẹ̀ jọ, ó ń hanrun. N kò jí i. Mo gba àárín apá rẹ̀ kọjá bí ọba.

Bí mo ti tóbi padà tán, Morádéùn tan ẹ̀rọ. Ohùn ọ̀rẹ́ mi bú jáde gbọnmọgbọnmọ, kò wọ́, kò fà. A gbọ́ orin àkọ́kọ́ tán. A gbọ́ ìkejì. A wá bọ́ sórí orin kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní sùúrù láti gbọ́ rí:

*Ọdẹ́jídé, ọmọ Ọdẹ́wálé,*
*Ọdẹ tí ń pa ẹfọ̀n lẹ́nu nínú ilé.*
*Ọmọ ẹtu sín lẹ́ẹ̀kan nínú igbó,*
*Ọ̀rẹ́ mi bá ara rẹ̀ lókè ìrókò,*
*Ó ní kí n sáré délé lọ gbé àkàbà wá.*

Morádéùn wò mí. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ rẹ̀, n kò rí eyín obìnrin yìí. Ó bú sẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ògúnfowórà! Ògúnfowórà, o ò ní í dákẹ́!"

Làmídì, kí lò ń fi ọwọ́ bo ẹnu fún? Irọ́ ni Ògúnfowórà pa. Ẹ gbọ́ mi, gbogbo yín: kì í ṣe ìrókò rárá. Igi ọsàn lásán ni, kò sì ga.

Morádéùn, tún un tẹ̀ kí wọ́n gbọ́.